Omi Wàláà

Òjò pa àwọn pákó tí a fi ń gbé ẹrù níbi iṣẹ́ wa ní Ballycoolin, nílẹ̀ òyìnbó, íńkì tí wọ́n fi kọ̀wé sí wọn lára sì ń ṣàn sílẹ̀. Òórùn igi tútù àti íńkì gba imú mi.

"You grand?" ni ọ̀gá mi fi bi mí bóyá kò sí nǹkan.

Òórùn wàláà Bàbá ni, pákó tí alfa fi ń kọ̀wé.

Bàbá tó bí ìyá mi ni. Òun ló kọ́kọ́ fi Yorùbá túmọ̀ Kùránì fún àwọn obìnrin àdúgbò wa. Kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ wàláà mu bí oògùn mọ́. Á ní, "Kùránì kì í ṣe ohun mímu. Ẹ jẹ́ kó yé yín."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Wàláà rẹ̀ wà lára ògiri, ọ̀rọ̀ tó fi íńkì dúdú kọ kún ojú rẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ sínú igbá, mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ mu ún, kí ara yín lè yá."

Ó wo wàláà tó ṣófo.

"Ìwọ lo fọ̀ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó mu ún tán, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Ara mi ti ń yá."

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìtumọ̀ tó ń kọ lọ́wọ́, tí kò tíì dà kọ sínú ìwé, ni mo fọ̀ dànù.

Ó kú lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń wá wàláà náà kiri, èmi ni mo sáré gbé e wá fún wọn, ó mọ́ tónítóní.