Ẹni Tó Ń Kanlẹ̀kùn Nínú Ògiri

Ìtàn tèmi kò dá lórí ìjàpá o. Orí obìnrin kan ló dá lé, Ìyá Aránṣọ, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kúrò lórí máṣíìnì láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyá tó bí i lọ́mọ ló ń gbé yàrá tó kángun sí ilé ìwẹ̀. Arúgbó náà kò lè dá dìde mọ́. Ibi tí wọ́n bá gbé e sí ni yóò wà.

Nígbà tí wọ́n tún omi àdúgbò ṣe, omi wá ń tú jáde bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Inú Ìyá Aránṣọ dùn: kó tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, garawa ti kún. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń ti ẹnu ẹ̀rọ omi pa, ògiri yàrá arúgbó á dún: gbà! gbà! gbà!

"Ta nìyẹn?" ni arúgbó á wí. "Wọlé!"

"Ìyá, kò sẹ́nìkan. Omi ni."

"Ẹni tó bá ń kanlẹ̀kùn, ọmọ mi, ó fẹ́ wọlé ni."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, púlọ́ńbà tó ń tún páìpù ilé kejì ṣe gbọ́ ariwo náà. Ó fi aago tí wọ́n fi ń wọn agbára omi sẹ́nu páìpù, ojú rẹ̀ yí padà. Ó yọjú sẹ́nu ọ̀nà. Máṣíìnì ń ké tatata.

"Màmá, agbára omi yìí á wó ilé yín o!"

Nínú ariwo yẹn, àgbàrá ni Ìyá Aránṣọ gbọ́. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Àgbàrá ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un! Ó ti pẹ́ tí mo ti wá nǹkan ṣe sí i."

Gọ́tà tó gbẹ́ yí ilé ká ló ń sọ. Púlọ́ńbà rò pé ó ti so irin kékeré tí ń dín agbára omi kù mọ́ páìpù rẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá," ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ.

Ìyá Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. "Àgbàrá, nínú ẹ̀ẹ̀rùn! Ṣé orí ọmọ yìí pé?"

Ògiri kò dákẹ́. Ọ̀dà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó tutù bí imú ajá. Arúgbó kọjú sí i, kò sùn.

Ọjọ́ tí Ìyá Aránṣọ gbé aṣọ oníbàárà lọ ni ògiri là. Nígbà tó ń bọ̀, omi ló jáde láti abẹ́ ilẹ̀kùn wá pàdé rẹ̀. Ó wọ́ omi dé yàrá. Fóòmù ti rin gbindin. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ kan léfòó.

"Ó ti wọlé," ni arúgbó wí. "Ṣebí èmi náà ni mo ní kó máa bọ̀."

Wọ́n ránṣẹ́ pe púlọ́ńbà, ó sáré dé. "Ṣebí ẹ ní ẹ ti wá nǹkan ṣe sí i?"

"Gọ́tà ni mo gbẹ́!"

"Agbára ni mo wí, Màmá. Agbára!"

Ìyá Aránṣọ jókòó sínú omi.

Púlọ́ńbà so irin náà. Omi ń rọra ṣàn wàyí, ògiri sì dákẹ́. Àmọ́ òtútù ti wọ arúgbó láyà. Bí ilé bá pa lọ́lọ́, Ìyá Aránṣọ á dá máṣíìnì dúró, á tẹ́tí. Láti yàrá, nínú àyà ìyá rẹ̀, ikọ́ á dún: gbà. Gbà. Gbà.