Háàdì tí Ìyá Alábẹ́rẹ́ fẹ́ dán wò kó tó sanwó

Kọ̀ǹpútà Ìyá Alábẹ́rẹ́ ń wúkọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, bí mo ṣe wí i náà ló rí. Bó bá ti tàn án, inú rẹ̀ á máa dún kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́ bí eku tó há sínú agolo. Kó tó ṣí, èèyàn á ti gbálẹ̀, á ti fọ abọ́, á sì ti bá aládùúgbò ṣe gbólóhùn asọ̀ parí.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ẹ̀rọ àti òwú kọ àmì sára aṣọ: àmì ilé ìwé, orúkọ ilé iṣẹ́, òdòdó sí ọrùn ẹ̀wù. Gbogbo bátànì tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ lé, inú kọ̀ǹpútà yẹn ló wà, látìgbà tí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ọ̀hún ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ báyìí. Ilé ìwé sì ti fẹ́ wọlé, aṣọ àwọn ọmọ ga lórí tábìlì bí òkìtì, àmì ni wọ́n ń dúró dè. Bí kọ̀ǹpútà bá kú pẹ́nrẹ́n, bátànì bá a lọ nìyẹn.

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Tọ́ọ̀ṣì, nítorí pé tọ́ọ̀ṣì kì í kúrò níwájú orí rẹ̀, ì báà ṣe ọ̀sán gangan. Ọ̀gá gbé etí lé e.

"Ìyá mi, háàdì yín ló ti rẹ̀. Inú ẹ̀ ni bátànì yín wà, awo tó ń yí níbẹ̀ sì ti gbó. Irú tuntun tí wọ́n ń pè ní SSD ni kẹ́ ẹ rà. Nǹkan kan kì í yí nínú tìyẹn, ó sì yá ju èyí lọ. Títí ẹ ó fi rà á, ẹ má tan èyí mọ́ o!"

Owó ńkọ́? Ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́, òwú ló fẹ́ fi rà. Ló bá fọ̀rọ̀ lọ ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó mọ gbogbo ibi tí ọjà ti wọ́n àtibi tó ti pọ̀.

"Wàhálà tán!" lọkọ wí. "Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ Ẹ̀dínwó, pọ́ọ́kú lowó ẹ̀. Àyè inú ẹ̀ sì fẹ̀, kò kọ ohun tá a bá kó sí i!"

"Bàbá wọn, bátànì ni mo fẹ́ kó síbẹ̀. Àbí ẹ fẹ́ kó di àwátì ni?"

Wọ́n jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà. Ẹ̀dínwó ni wọ́n ń pè é torí pé kó tó kí oníbàárà ló ti ń dín owó. Háàdì tó nà sí wọn ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n kò sórúkọ ẹni tó ṣe é lára rẹ̀. Bàbá wọn ti kiwọ́ bọ àpò.

Ìyá Alábẹ́rẹ́ ní tirẹ̀, kì í ra òwú tí kò mọ̀ rí láìjẹ́ pé ó fi ìba díẹ̀ rán àkísà, kó sì rẹ ẹ́ sómi bóyá àwọ̀ rẹ̀ á ṣí. Ó ní, "Àbúrò, kó fíìmù inú kọ̀ǹpútà rẹ síbẹ̀ kó kún. Ká wá ṣí wọn wò kí n tó sanwó."

"Màmá, ṣé òwú lẹ wá rà ni? Ọjà tá a bá ti já lójú, ta ló máa rà á?"

"Bó bá wá bàjẹ́ lọ́la ńkọ́?"

"Ẹ bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà yìí, ó di tiyín."

"Bàbá wọn, ẹ yọwọ́ lápò. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ọkọ kùn délé Ọ̀gá Tọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n ròyìn, ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín.

"Orí ló yọ yín! Àwọn háàdì kan wà tó jẹ́ pé àyè tí wọ́n kọ sí wọn lára ò sí nínú wọn. Bó bá kún, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó síbẹ̀ mì. Àti pé bátànì yín ò pọ̀, Ìyá mi. Èyí tó kéré tí mo mú dání yìí tó yín, ó sì tún kù. Mo mọ àwọn tó ṣe é, ìwé ẹ̀rí ẹ̀ nìyí: bó bá bàjẹ́ láàárín ọdún mẹ́ta, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀."

Owó rẹ̀ fi díẹ̀ ju ti Ẹ̀dínwó lọ. Ọkọ túraká, ó fi tiẹ̀ kún un. Ọ̀gá kó fíìmù kún inú rẹ̀ níṣojú wọn, ó ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn pé. Ó pa wọ́n rẹ́, ó wá so háàdì àtijọ́ mọ́ ọn kó lè kó bátànì sínú tuntun.

Kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́... ó dákẹ́. Ìyá Alábẹ́rẹ́ di apá ọkọ rẹ̀ mú gírígírí.

"Ẹ ní sùúrù," Ọ̀gá Tọ́ọ̀ṣì wí, kò gbójú sókè. Kẹ́rẹ́. Ó tún ń lọ. Nígbà tí bátànì tó kẹ́yìn wọlé, tí òdòdó ọrùn ẹ̀wù yọ lójú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú gbogbo ewé rẹ̀, ìyá náà mí kanlẹ̀, ó jókòó sórí àpótí tó wà nítòsí. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bí omi inú àmù.

Ọ̀gá fi háàdì tuntun sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì gbé e dé ṣọ́ọ̀bù Ìyá Alábẹ́rẹ́. Ó tan kọ̀ǹpútà, ó nawọ́ mú ìgbálẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà ti mọ́lẹ̀ kedere, kò sì dún pínpín.

"Ó ti ṣí?"

Ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Alábẹ́rẹ́, ìgbà wo lo máa wá máa gbálẹ̀ báyìí?"

Ó na ìgbálẹ̀ sí i. "Ọwọ́ yín náà ló bọ́ sí, Bàbá wọn. Èmi ní àmì ilé ìwé tí mo fẹ́ kọ."

Ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.