Káńfọ̀ Nínú Aṣọ Olówùú Wúrà

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ̀wé. Mi ò pẹ́ nílé ìwé, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dárà. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Àńtí, ọ̀gá mi, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Rye Lane ní London, lókè ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbé bùrókéèdì Íńdíà tí ìyá wọn fi ṣègbéyàwó wá báyìí, wọ́n á ní ká fi rán jákẹ́ẹ̀tì tí àwọn á wọ̀ sórí jíìnsì. Mo fẹ́ràn aṣọ náà. Bí mo bá tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ṣe ló máa ń dà bíi pé iná yàrá mọ́lẹ̀ sí i.

Obìnrin ará Íńdíà kan gbé ti ìyá rẹ̀ tó ti kú wá láti Lewisham. Pupa ni, òwú fàdákà tí wọ́n fi wúrà bò ni wọ́n fi hun etí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi rán jákẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó. Èmi nìkan ló bá ní ṣọ́ọ̀bù.

Ó ní, "Jọ̀ọ́, má fi káńfọ̀ sí i. Òwú yẹn máa dúdú, kò sì ní mọ́ mọ́. Òun nìkan ló kù mí kù nínú ẹrù ìyá mi."

Nígbà tí Àńtí dé, mo sọ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n da káńfọ̀ funfun róbótó sínú báàgì aṣọ náà.

"Káńfọ̀ ni Màmá mi fi tọ́jú sányán wọn títí wọ́n fi kú. Kòkòrò London ò mọ àgbà o, jíjẹ ló ń jẹ."

"Àńtí, obìnrin yẹn ní—"

"Ìwọ tí o kì í sọ̀rọ̀, òní lẹnu ẹ wá là?"

Òjò ń rọ̀ lọ́sẹ̀ náà, a ò ṣí fèrèsé. Bí mo bá ti ń gun àtẹ̀gùn ni òórùn káńfọ̀ á ti pàdé mi. Lẹ́yìn àga Àńtí ni báàgì náà wà. Mi ò lè fọwọ́ kàn án níṣojú wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin náà pè pé òun àti ọmọ òun ń bọ̀ lọ́la, kí a tó gé aṣọ. Àńtí tú báàgì. Igun kan ti ṣú bí eérú. Mo fi ìka nù ún, kò kúrò. Dúdú náà ti ń rìn lọ sí ibi tó ṣì ń dán.

Àńtí wò ó pẹ́. Wọ́n tún báàgì dì, káńfọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀.

Wọ́n ní, "Inú la máa ká igun yẹn sí. Bí wọn ò bá bi ẹ́, má sọ nǹkan kan."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣáájú wọn dé. Mo ṣa káńfọ̀ náà kúrò, mo sì fi ìborùn funfun tí mo fi ń kírun wé aṣọ náà. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹlẹ́ja. Nígbà tí ìyá àti ọmọ dé, igun tó dúdú ni mo kọ́kọ́ ṣí hàn wọ́n.