Ọdún Tí Wọn Ò Kéde Omi Mọ́

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé òórùn ẹrẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń sọ fún mi pé odò ti ń gòkè. Kí omi tó kan ilé ẹnikẹ́ni, òórùn náà á ti gba gbogbo ojúde wa. Lọ́kọ́jà ni mò ń wí, ní àdúgbò àtijọ́ tó fẹ̀yìn ti odò, níbi tí bàbá bàbá mi tẹ̀dó sí nígbà tó ti Ìlọrin wá ṣòwò aṣọ. Onídìrí ni mí. Ojú mi ti fọ́ kí n tó dàgbà tó ẹni tó ń lọ sílé ọkọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti mọ irun kí ojú tó lọ, kò sì gbàgbé. Bí mo bá fi ọwọ́ ra orí obìnrin lẹ́ẹ̀kan, mo ti mọ ẹni tó ni ín kó tó kí mi.

Àwọn àgbà ní etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ní í jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ò jọba, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló ń wá jókòó sáàárín orúnkún mi tí wọ́n ń rojọ́, nítorí náà kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí mi ò gbọ́. Bí omi bá fẹ́ dé, àwọn apẹja Núpé á máa ké bọ̀ láti etí odò. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, ladánì mọ́ṣáláṣí wa á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, á sọ ibi tí omi dé àti ọ̀nà tó ṣì ṣeé gbà, á sọ ọ́ ní Yorùbá, á tún un sọ ní Haúsá àti Núpé. Ìyá mi, tí ẹsẹ̀ wọn ti kú tipẹ́, á ní kí n máa di ẹrù. A ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi tó ń wa tírélà sìmẹ́ńtì ní Ọbajánà, á wá gbé wa lọ sókè. Omi á bá ilé, kò ní bá wa.

Nígbà tó yá, fóònù ńlá dé. Ẹ má rò pé mo kórìíra rẹ̀ o. Èmi náà ra tèmi, nítorí ohùn kan wà nínú rẹ̀ tó ń ka ohun tó bá wà lójú rẹ̀ fún mi bí mo bá ti fi ìka kàn án. Mo ń fi yangàn káàkiri. Mo ń ka ìròyìn, mo ń gba iṣẹ́, mo tilẹ̀ ń bá àwọn oníbàárà jà lórí owó átáàṣì tí mo fi ń dirun wọn. Mo rò pé mo ti bá ayé dọ́gba. Ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ kan nílùú wa ṣe áàpù omi, wọ́n sì ní ọ̀fẹ́ ni. Àwòrán ìlú ló ń fi hàn: ibi tí omi bá dé á pupa, ọ̀nà tó bá ṣí á ní àwọ̀ ewé. Gbogbo èèyàn gbé e sórí fóònù wọn, èmi náà gbé e sórí tèmi. Mo fi ìka kàn án lókè, ohùn náà ní, “Àwòrán.” Mo kàn án nísàlẹ̀, ó ní, “Bọ́tìnnì.” Mo kàn án láàárín, ó tún ní àwòrán. Mo ra ojú fóònù náà títí ọwọ́ fi ro mí, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe é jẹ́ ọmọ oníbàárà mi kan, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé ní Lokongoma. Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ ni wọ́n, ọmọlúàbí sì ni ọmọkùnrin náà, kì í wọ ojúde wa kó má kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni nílé wọn, “Òkun o, Àǹtí,” kó tó jókòó de ìyá rẹ̀. Mo sọ fún un pé áàpù rẹ̀ yadi sí mi. Ó ní àwọn mọ̀, ó wà lára ohun tí àwọn fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sanwó fún àwọn.

“Ọ̀fẹ́ la ṣe é, Àǹtí,” ló wí. “Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ná. Tiyín ń bọ̀ lẹ́yìn.”

Ẹni tí wọ́n bá fún ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, ojú máa ń tì í láti sọ pé kò dé ọwọ́ òun. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo mọ òwe yìí dáadáa, mo máa ń pa á fún àwọn ẹlòmíràn. Mo ní kí Ọlọ́run bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, mo sì ń bá irun ìyá rẹ̀ lọ.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé áàpù náà á pa àwọn èèyàn lẹ́nu mọ́. Àwọn oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó síwájú mi láìsọ̀rọ̀. Orí wọn á tẹ̀ síwájú, màá fà á sẹ́yìn, á tún tẹ̀, fóònù ni wọ́n ń wò. Àwọn apẹja ò ké mọ́. Òjò ọdún náà le, síbẹ̀ ladánì ò kéde ohunkóhun. Nígbà tí mo ní kí wọ́n bá mi bi í, ó ní kí lòun tún fẹ́ sọ tí gbogbo ayé ò tíì rí. Kò ro tèmi mọ́ ọn. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ọdún yẹn ni mo mọ bí òwe náà ṣe le tó lára ẹni tí kò lójú. Mo ń gbọ́ òórùn ẹrẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí, mo bi obìnrin ilé kejì, ó ní omi ò tíì sún mọ́ wa, òun rí i lórí fóònù. Ìyá mi ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé omi tí èèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, mo gbọ́ tí àwọn aládùúgbò ń gbé ẹrù, mo rò pé ọjà ni wọ́n ń lọ. Kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn wa. Wọn kì í ṣe ìkà, olúkúlùkù rò pé ẹlòmíràn ti sọ fún wa, tàbí pé fóònù ti sọ. Nígbà tó ṣe, mo dìde lórí àpótí tí mo máa ń jókòó lé dirun, ẹsẹ̀ mi sì bọ́ sínú omi. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù, ilẹ̀ á ti fẹ́ ṣú kóun tó dé. Ọ̀nà méjì ló jáde ní àdúgbò wa, ọ̀nà mọ́ṣáláṣí àti ọ̀nà gárèjì. Ó ní, “Yẹ áàpù yẹn wò, kó o mọ èyí tó ṣí.” Ó ti gbàgbé pé áàpù náà kì í bá mi sọ̀rọ̀. Kí n tó fèsì, ìpè náà já.

Mo wọ́ omi dé ibùsùn ìyá mi, mo ṣí áàpù náà síwájú wọn. Ìyá mi ń ríran, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀wé, wọn ò sì rí àwòrán ìlú rí láyé wọn. Èmi mọ̀wé, mi ò ríran. Mo ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí fún mi.

“Ó pupa,” ni wọ́n wí. “Ó pupa káàkiri. Nǹkan kan rí gbọọrọ láàárín ẹ̀.”

“Odò nìyẹn, Ìyá. Ẹ wá ibi tó ní àwọ̀ ewé.”

“Mo rí i, ó tín-ín-rín. Ṣùgbọ́n níbo làwa wà nínú ẹ̀?”

Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ní kí wọ́n fi ìka mi lé ibi tó ní àwọ̀ ewé náà, wọ́n fi lé e, ohùn inú fóònù sì ní, “Àwòrán.” Mo tún un tẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ èèyàn. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọ́n ní kí n máa lọ, kí n fi àwọn sílẹ̀. Omi ti kan ẹní ibùsùn.

Mo pọ̀n wọ́n. Ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ni ẹsẹ̀ mi mọ̀ jù, láti kékeré ni mo ti ń rìn ín, òun ni mo gbà. Omi dé orúnkún, ó dé itan, ó dé ìbàdí. Mo ń pe Ọlọ́run, mo ń pe àwọn aládùúgbò lórúkọ, kò sẹ́ni tó dáhùn. Lójijì ilẹ̀ yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, àwa méjèèjì rì. Nígbà tí mo gbé orí sókè, ọwọ́ ìyá mi ṣì wà lọ́rùn mi, mo sì rí ògiri kan dì mú. Mo pariwo títí ohùn mi fi ha. Apẹja Núpé kan ló gbọ́, ó kígbe láti òkèèrè pé kí n dúró, “Mama, tsaya! No move, I dey come.” Inú ọkọ̀ rẹ̀ ló ti sọ fún mi pé omi ọ̀nà gárèjì kò ju kókósẹ̀ lọ.

Ìyá mi ti mu omi, òtútù sì ti wọ̀ wọ́n láyà. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kó àwa tí omi lé nílé sí ni ikọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, wọn ò bọ̀ mọ́. A sin wọ́n nígbà tí omi ṣì wà nínú yàrá wọn.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ náà wá pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Kò kí mi ní Òkun. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi ìka kàn án. Mo fi kàn án, ohùn náà ní, “Ọ̀nà mọ́ṣáláṣí: omi ti dí i. Ọ̀nà gárèjì: ó ṣí.” Ó dá ṣáká. Mo bi í pé báwo ni iṣẹ́ yẹn ṣe gbà á lákòókò tó. Ó gba fóònù náà padà lọ́wọ́ mi.

“Ọ̀sán kan ni, Àǹtí.”

Mi ò bú u. Ó ń sunkún, ìyá rẹ̀ náà ń sunkún, èmi ni omijé ò sí lójú mi mọ́.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Àwọn èèyàn ṣì máa ń jiyàn níwájú mi pé ẹni tó ṣe nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, pé kí ẹni tó bá rí i lò lò ó, kí ẹni tí kò rí i lò ní sùúrù. Màá máa dirun mi lọ. Bí inú bá ń bí mi, màá fa irun náà le díẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kí nǹkan ọ̀fẹ́ yẹn tó dé, ìlú wa lẹ́nu, mo sì létí. Ó gba ẹnu ìlú, kò sì fi ohùn kankan rọ́pò rẹ̀ títí ìyá mi fi kú.

Ladánì ti padà sí ìkéde rẹ̀. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, èmi náà máa ń fi ìka kan fóònù lórí àpótí mi, á sọ ọ̀nà tó ṣí, màá sì tún un sọ sókè. Àwọn tó ń kọjá á ní, “A ti rí i, Àǹtí.” Mo mọ̀ pé wọ́n ti rí i. Màá kọjú sí yàrá, sí ibi tí ibùsùn yẹn wà tẹ́lẹ̀, màá ní, “Ọ̀nà gárèjì ni, Ìyá. Ọ̀nà gárèjì ló ṣí.”