Ọbẹ̀ Awùsá Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Sè

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, nílé ìyá àgbà wa ní Ilàré, nílùú Ifẹ̀, òfin kan wà tí ọmọdé kì í rú: bí o bá ti jẹ awùsá, o ò gbọdọ̀ mu omi lé e. Kì í ṣe pé omi náà máa pa ọ́ o. Ó kàn máa korò lẹ́nu rẹ bí àgbo ibà ni, wàá sì máa tutọ́ kiri àgbàlá. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń fi bísíkíìtì panu lè má mọ awùsá dáadáa. Èso ìtàkùn ni, inú oko kòkó ló máa ń pọ̀ sí, èèpo rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ funfun. Ìgbà òjò ni wọ́n máa ń kiri rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀ ju kí wọ́n sè é, kí wọ́n fi eyín fọ́ ọ, kí wọ́n jẹ ẹ́ lọ.

Ìyá àgbà wa kì í ṣe irú wọn. Ó máa ń yan awùsá nínú ìkòkò gbígbẹ, á gún un mọ́ àgbàdo yíyan, á fi oyin pò ó, á wá ṣù ú róbótó-róbótó. A ò lórúkọ fún un ju “dídùn” lọ. Bí ẹ̀gúsí bá tún wá wọ́n lọ́jà, á lọ awùsá lórí ọlọ, á dà á sínú epo gbígbóná pẹ̀lú ata àti irú, á wá ro ẹ̀bùrẹ́ sí i. Bí o ò bá sí nídìí ààrò nígbà tó ń sè é, o ò lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀gúsí. Omi tí o bá mu lẹ́yìn oúnjẹ nìkan ló lè tú u fó.

Ìyá àgbà yìí ló ń tọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Bàbá wa ti kú, ìyá wa sì ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún méjìlá jù mí lọ. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, láàárín àwọn ọdún tí nǹkan le gan-an lẹ́yìn ọdún 1990, ó ti ní àfẹ́sọ́nà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe. Háà, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn ọkùnrin yẹn! Bó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lójúde, á sáré lọ wo dígí, á tún sáré padà wá jókòó bí ẹni pé kò gbọ́ nǹkan kan. Èmi ni mo máa ń sín in jẹ.

Ìyá ọkùnrin náà ni gbogbo wa ń bẹ̀rù. Ìwó ni wọ́n ti wá, àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti ń ta ẹ̀gúsí ní Sábó, gbogbo ẹni tó ń ta oúnjẹ tútù nífẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Kì í pariwo, kì í bínú síta. Ó kàn máa ń dákẹ́ wo èèyàn ni. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ mú wálé, ìpàdé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ṣe, kò sì gbà kí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìdí rẹ̀? Kò sẹ́ni tó sọ.

Ìyá yìí fi kóńgò ẹ̀gúsí méjì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gúsí tí wọn ò tíì bó. Iṣẹ́ tó rán mọ́ ọn ni pé: “Kó fọwọ́ ara rẹ̀ bó o, kó fi se ọbẹ̀ fún mi. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mò ń bọ̀ wá jẹ ẹ́.” Bí wọ́n ṣe máa ń dán ọmọge wò láyé ìgbà yẹn nìyẹn, kì í ṣe gbogbo ilé, àmọ́ àwọn kan ń ṣe é. Ẹni tó bá lè fara balẹ̀ bó ẹ̀gúsí, wọ́n gbà pé á lè fara balẹ̀ gbé ilé ọkọ. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọjọ́ mẹ́ta bó o títí orí ìka rẹ̀ fi pọ́n.

Nígbà tó di àárọ̀ Sọ́ńdè, ẹ̀gúsí náà ti rin nítorí òjò tó ń rọ̀ látàná. Bí oòrùn ṣe yọ báyìí, ẹ̀gbọ́n mi sá a sórí atẹ lójúde. Ìyá àgbà ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òun náà fẹ́ sáré lọ ra ẹran àti ẹ̀bùrẹ́.

Ó ní, “Jókòó tì í. Má dìde o, bí ilé bá tilẹ̀ ń jó.”

Mo jókòó. Ọlọ́run rí mi, mo jókòó. Àfi bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe sáré kọjá, tí wọ́n ń pariwo pé ọkùnrin kan gbé òjòlá wá sí Ẹnuwà, pé ó fi kọ́rùn, ó ń fi ta oògùn. Mo ní kí n kàn yọjú, kí n sì padà kíá. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí kíá ọmọdé ṣe máa ń rí.

Nígbà tí mo padà dé, ewúrẹ́ mẹ́ta ló wà lórí atẹ. Wọ́n ti jẹ, wọ́n ti tú, wọ́n ti tẹ ìyókù mọ́ inú ẹrẹ̀. Ohun tí mo rí kó nílẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Mo bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹgba nìkan ni mò ń bẹ̀rù. Oṣù kan ṣáájú ìgbà yẹn ni mo sọ owó iléèwé nù, ìyá àgbà sì ti fi Ọlọ́run búra pé bí mo bá tún fi nǹkan ṣòfò lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun lóko ni mo máa lọ gbé, iléèwé parí nìyẹn. Ìyá àgbà kì í búra lásán.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi bá mi. Ó wo atẹ, ó wò mí.

“Ibo lo lọ?”

“Mo lọ wo ejò ni, àǹtí.”

Mo ti ń dúró de ìgbájú. Kò gbá mi. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó fi ìborí bojú, ó sunkún díẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, “Dákẹ́ ẹkún. N ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìwọ ni.”

Kò ṣeé ṣe láti lọ ra ẹ̀gúsí mìíràn. Ọwọ́ ta ló máa ti rà á nífẹ̀, tí ìyá náà ò ní gbọ́ kó tó di ọ̀sán? Ni ojú ẹ̀gbọ́n mi bá lọ sára agbọ̀n awùsá tí ìyá àgbà ti yan sílẹ̀ fún dídùn rẹ̀. Èmi ń fọ́ èèpo, òun ń lọ̀ ọ́. Ó po ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀gúsí tó kù mọ́ ọn. Nígbà tó máa fi ro ọbẹ̀ tán, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá, ó wá ń tọ́ ọ wò, ó ń mi orí. Ọbẹ̀ náà dára, ọ̀ràn omi ló kù. Ó rán mi lọ ra ìgò mínírà kan. Ó ní, “Bí wọ́n bá ti jẹun tán, èyí ni kí o gbé síwájú wọn. Bí o bá fi omi mímu débẹ̀, o ti pa mí.”

Ọ̀sán pọ́n, ìyá náà dé. Ìyá àgbà ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé nígbà náà, kò sì mọ nǹkan kan. Wọ́n kíra wọn pẹ́, wọ́n ṣan ọwọ́, wọ́n jọ jókòó ti iyán. Ìyá náà ní, “Bisimilahi,” ó bu òkèlè. Èmi wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, mò ń wò wọ́n.

Ìyá àgbà náà bu tirẹ̀. Bí òkèlè yẹn ṣe kan ahọ́n rẹ̀, ẹnu rẹ̀ dúró. Ẹni tó kọ́ni ní ọbẹ̀, ṣé a lè fi ọbẹ̀ náà tàn án ni? Ó gbójú sókè, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó wò mí. Ó wá ń jẹun rẹ̀ lọ láìsọ nǹkan kan.

Àlejò wa ní tirẹ̀ ń jẹun dáadáa. Ó lá ọwọ́, ó ní, “Ọwọ́ rẹ dùn lọ́bẹ̀, ọmọ mi.” Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, mo sì rí i tí ẹ̀mí rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ó ṣẹ́jú sí mi. Mo sáré gbé mínírà wá.

Ìyá náà wo ìgò yẹn, ó ní, “Mínírà kọ́, ọmọ mi. Omi ni kí o bù fún mi.”

Ẹ̀gbọ́n mi yára dáhùn. “Ẹ má bínú mà, omi ilé ò tíì tòrò. Òwúrọ̀ yìí la pọn ọ́n.”

Ìyá àgbà ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Omi àná wà nínú àmù. Lọ bù ú wá.”

Ẹ̀yin ọmọ, láti pálọ̀ dé ìdí àmù kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, àmọ́ lọ́jọ́ náà, ó jìn sí mi. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Mo ronú pé kí n da iyọ̀ sí i, mo ronú pé kí n fọ́ ife náà mọ́lẹ̀. Ìyá àgbà tún pè mí. Mo bu omi, mo gbé e lọ, mo kúnlẹ̀.

Ìyá náà mu ún. Ojú rẹ̀ ò yí padà. Ó gbé ife sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, “Omi yìí korò.” Ìyá àgbà na ọwọ́ gba ife, òun náà mu ún, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Ó korò.”

Ìyá náà wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé àlàáfíà rẹ̀ ló ń béèrè. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé ẹ̀gúsí tí mo fi ránṣẹ́ lo fi se ọbẹ̀ yìí?”

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo búra fún yín pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bá gbójú sókè, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ẹ̀gúsí yín ni.”

Ìgbà yẹn ni ẹnu mi tó là. Mo wó lulẹ̀, mo figbe ta: “Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́! Èmi ni ò ṣọ́ ọ! Ẹ má bá àǹtí mi wí, èmi ni!”

Ìyá náà fọwọ́ kàn mí lórí, ó ní kí n dìde. Ó wá bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀. Ó ní, “Oko kòkó ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ìyá. N ò tíì bu òkèlè kẹta tí mo ti mọ̀ pé awùsá ni. Ọbẹ̀ náà dùn, Ọlọ́run ń gbọ́. Bó bá sọ fún mi pé ewúrẹ́ jẹ ẹ̀gúsí, ẹ̀rín ni ǹ bá fi rín. Nítorí kó lè sọ ọ́ ni mo ṣe béèrè omi.”

Ìyá àgbà bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹ̀rù ló ba ọmọ. Ìyá náà ní òun ti gbọ́. Ó ṣan ọwọ́ rẹ̀, ó dúpẹ́ oúnjẹ, ó sì súre fún gbogbo wa kó tó lọ. Ọmọ rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì sí i lẹ́yìn ìyẹn. Kò wá lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, a gbọ́ pé ó ti gbéyàwó.

Èmi ò lọ sóko. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún, ló kúnlẹ̀ bẹ ìyá àgbà títí ó fi gbà.

Ayé ti yí. Ẹ̀gúsí tí wọ́n ti bó, tí wọ́n ti lọ̀, ló wà nínú ọ̀rá lọ́jà báyìí. Orí fóònù ni àwọn ọmọ ti ń pàdé, àwòrán ìyàwó sì máa ń dé ọwọ́ ìyá ọkọ kí ìyàwó fúnra rẹ̀ tó dé. Ó dára bẹ́ẹ̀, n ò ní purọ́. Ta ló sọ pé kóńgò ẹ̀gúsí méjì lè sọ irú ẹni tí ọmọ èèyàn jẹ́? Síbẹ̀, mo máa ń ronú nípa ìyá yẹn. Àwọn tó ń ṣe ìyá ọkọ lónìí, wọ́n ti máa ń dájọ́ tán kí wọ́n tó béèrè. Òun béèrè, ó sì dúró de ìdáhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi rí ọkọ mìíràn fẹ́, ó bímọ, ara rẹ̀ le. A ò sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí mo lọ kí i lọ́dún tó kọjá, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo ní, “Àǹtí, ká ní mo tètè la ẹnu kí ẹ tó dáhùn ni, ẹ̀ bá fẹ́ ọkùnrin yẹn. Ìfẹ́ tí ẹ ní sí i ló jẹ́ kẹ́ ẹ purọ́.”

Ó ń gé ewébẹ̀ lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

Ó ní, “Ta ló sọ fún ọ pé nítorí ọkùnrin ni? Ìyá àgbà jókòó síbẹ̀. Bí mo bá sọ pé ewúrẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n á béèrè ẹni tó ń ṣọ́ ọ, o sì mọ ohun tí wọ́n ti búra. Mo rò ó lọ́jọ́ náà pé mo ṣì lè rí ọkọ mìíràn fẹ́. Bí ìwọ bá ti kúrò níléèwé, ó parí nìyẹn.”

Olùkọ́ àgbà iléèwé ni mo jẹ́ lónìí, mo sì jókòó sí ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n mi, mò ń sunkún bí ọmọ ọdún mẹ́wàá.