Bí Mo Ṣe Di Ọ̀gá Apẹja Fún Ọjọ́ Kan

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé kò sí apẹja tó tó mi ní gbogbo Rẹ́mọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Tíṣà ni mí ní abúlé kan lẹ́yìn Ìkẹ́nnẹ́, kò tíì pẹ́ tí ọ̀nà márosẹ̀ dé, mo sì ń fẹ́ ọmọ àgbà apẹja kan. Bàbá náà ti sọ ọ́ gbangba pé òun kò ní fi ọmọ òun fún ọkùnrin tí kò lè pa ẹja bọ́ ọ. Èmi tí mo dẹ ìgèrè sódò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó jẹ́ akàn kan ṣoṣo ni mo rí mú!

Ṣùgbọ́n ní Sátidé kan, bí mo ṣe wọ odò báyìí, ẹja ló ń wá mi bọ̀. Ẹpìyà ń fi ẹ̀gbẹ́ wẹ̀. Àrọ̀, tó máa ń sá pamọ́ sínú ẹrẹ̀, ń pòòyì lójú omi, ó ń forí gbá òkúta. Ọwọ́ lásán ni mo fi kó wọn kún garawa. Kàkà kí n bi ara mi pé kí ló ṣe wọ́n, mo ní iṣẹ́ ti wá mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn. Àárín abúlé ni mo gbà kọjá, mò ń ròyìn ara mi fún ẹni tó bi mí léèrè àti ẹni tí kò bi mí. Bàbá wo ẹja náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má sè é.

Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn àgbà ránṣẹ́ pè mí. Nílùú wa, inú ẹ̀ẹ̀rùn nìkan, níbi tí àgbà bá yà sọ́tọ̀, ni a ti ń da ewé gígún tí í pa ẹja bí ọtí sómi. Ẹni tó bá dà á sí odò mímu, kò sẹ́ni tó máa fún un níyàwó láéláé.

Bàbá ní, "Tíṣà, ṣé o da ewé, àbí o kò dà á?"

Yéè! Bí mo bá sọ pé ọgbọ́n mi ni mo fi pa á, wọ́n á ní mo da ewé, mo di ọ̀dàlẹ̀. Bí mo bá sọ òótọ́, mo di ẹni yẹ̀yẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ dákun, n kò mọ ẹja pa rárá! Ẹja yẹn ti yó kí n tó débẹ̀. Ìyá àgbà ilé yín pàápàá á mú un!"

Wọ́n ní ó dáa, ká lọ wò ó. Ìyá àgbà tí kò ríran dáadáa mọ́ ki igbá bọ odò, àrọ̀ méjì bá a jáde. Háà! Ẹ̀rín pa wọ́n, ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gba etídò gòkè, mo tẹ̀lé e, títí a fi bá páìpù ilé iṣẹ́ tuntun kan, tí omi aláwọ̀ búlúù ń hó bí ọṣẹ jáde lẹ́nu rẹ̀ sínú odò. Bàbá jókòó sórí koríko.

"Mo fún ọ lọ́mọ," ó wí, "torí o jẹ́wọ́. Ẹja ni n kò ní rí fún yín mọ́."

Èmi ni mo kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ náà, lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn kò fèsì. Ìyàwó mi ṣì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ dòní, mo sì máa ń bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èmi náà ti dàgbà tó bàbá rẹ̀ ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wá ń dùn mí ju ti àtijọ́ lọ. Títí Bàbá fi kú, àràárọ̀ ló ń lọ jókòó létí odò, láìmú àwọ̀n dání. Bí mo bá bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀, á ní, "Mò ń wò ó bóyá ẹja á tún sá fún mi."