Bẹ́ńsì, BMW àti Iṣu Màmá Ìsánlú

Aago márùn-ún kò tíì lù tí mo ti wẹ̀, mo ti wọ bàtà, mo sì ti jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà wa ní Kàbà, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́fà ni wọ́n ní a máa gbéra. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Màámi yọjú láti ilé ìdáná, wọ́n ní, "Dúpẹ́, ìdí ẹ ò lè gbélẹ̀ ni?" Mo ní kò lè gbélẹ̀, Mà.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó ń ṣe mí. Láti ọdún tó kọjá tí mo ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì ni bàbá mi ti ń sọ pé kí n lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà, àmọ́ mọ́tò ni èmi fẹ́. Bọ̀dá Káyọ̀dé, àbúrò màámi, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Àbújá tí wọ́n ti ń tún mọ́tò Jámánì ṣe. Mo ti bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n mú mi lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí wọ́n sọ lálẹ́ àná ni pé, "Tẹ̀lé wa lọ Ìsánlú, ìwọ lo máa di fóònù mú. Tá a bá dé, màá fún màmá ẹ lésì." Ta ló máa sùn lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ìdí ìrìn náà ni pé Bọ̀dá Káyọ̀dé ní BMW dúdú kan, ọ̀rẹ́ wọn Bọ̀dá Rótìmí, ọmọ Ìsánlú, sì ní Bẹ́ńsì aláwọ̀ eérú. Tòkunbọ̀ ni méjèèjì, ilẹ̀kùn mẹ́rin-mẹ́rin. Tó o bá rí wọn lójú títì, wàá rò pé mọ́tò alàgbà ìjọ ni, àfi tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tí orí ẹ bá lọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àga. Ó ti tó ọdún kan tí wọ́n ti ń jiyàn èyí tó ń yára gbéra jù. Àdéhùn wọn ni pé ẹni tí tiẹ̀ bá kẹ́yìn máa dọ̀bálẹ̀ fún ẹnìkejì níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ Okun ní Àbújá. Ẹgbẹ́ sì ni wọ́n, ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn. Ẹ mọ̀ bí ìtìjú yẹn á ṣe rí.

A kúrò ní aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, kùrukùru ṣì bo orí òkè. A ra epo ní ẹgbẹ̀rún náírà lítà kan. Ní Ayétòrò a dúró ra àkàrà, ọgọ́rùn-ún náírà ẹyọ kan. Ó tóbi ju ti Kàbà lọ, àmọ́ ata tiwa ta jù ú. Èmi wà nínú BMW, Bẹ́ńsì ń tẹ̀ lé wa.

Láti ibẹ̀ dé Mópà, kòtò lórí kòtò. Mọ́tò tó ń sáré máa ń súnmọ́lẹ̀, nítorí náà bí ìgbín là ń lọ, à ń yà sọ́tùn-ún, à ń yà sósì. Ọ̀kadà kan tó gbé ewúrẹ́ méjì kọjá wa. Ó pẹ́ díẹ̀, Pijó àtijọ́ kan tó kó gbàgúdá náà kọjá wa, dẹ́rẹ́bà rẹ̀ yọ orí síta, ó ní, "Ẹ̀yin ará Àbújá, ẹ kú ìsìnkú o. Ta ló kú?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Káyọ̀dé ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Jẹ́ kó máa lọ. Ẹṣin tó mọ eré sá ló ń bẹ̀rù ihò."

Aago mẹ́sàn-án la wọ Ìsánlú. Màmá Bọ̀dá Rótìmí ti wà níta kí a tó pa ẹ́ńjìnnì, arúgbó pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ojú wọn mú bí abẹ́. "Okun o, ẹ̀yin ọmọ mi," ni wọ́n ń sọ, bí àwa náà ṣe ń kí ara wa ní Kàbà. Wọ́n fún wa ní iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́. Nílé wa iyán àárọ̀ kì í wọ́pọ̀, àmọ́ Màmá ní ẹni tó ti Kàbà wá kò gbọdọ̀ jẹ búrẹ́dì nílé àwọn. Mo ń gbé òkèlè, ojú mi wà lára mọ́tò níta.

Nígbà tí a fẹ́ lọ, Màmá ní kí Bọ̀dá Rótìmí ṣí bùùtù. Ọgbọ̀n iṣu ni wọ́n kó sínú ẹ̀, àwọn tó gùn tó apá mi, wọ́n wá fi kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n gbọ́wọ́ lé e, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ní, "Rótìmí, iṣu yìí ò gbọdọ̀ fara kanlẹ̀ mọ́ títí á fi dé ilé ẹ." Bọ̀dá Rótìmí ní, "Àmín, Mà." Kò sí ẹni tó tún rántí ẹ̀ mọ́. Lọ́dọ̀ wa, iṣu inú bùùtù kì í ṣe ẹrù. Ta ló ń ti ilé ìyá ẹ̀ bọ̀ lọ́wọ́ òfo?

Ọ̀nà tuntun kan wà lẹ́yìn ìlú tí wọ́n ti da ọ̀dà sí tí wọn ò tíì ṣí, ó tó kìlómítà méjì, ó sì tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́. Mẹ́gádì tó ń ṣọ́ ọ, bàbá Hausa kan tó ní kẹ́tùlù lọ́wọ́, ti bá àwọn bọ̀dá sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Ó yí gárawa tó fi dínà kúrò, ó ní, "Sai hankali." Ìyẹn ni pé ká fi sùúrù ṣe é. Sùúrù kẹ̀.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí. Fóònù mi ní ohun kan nínú tó ń gba àmì láti ojú ọ̀run, tó máa sọ iye sẹ́kọ́ńdì tí mọ́tò fi kúrò lójú kan dé eré ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí kan. Èmi kan náà ni mo jókòó síwájú nínú méjèèjì, kí ìwọ̀n mi má fìyà jẹ ẹnì kankan.

BMW ló kọ́kọ́ lọ. Bọ̀dá Káyọ̀dé tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ikùn mi lọ sẹ́yìn, igbó di ìlà kan ṣoṣo, mo sì ń rẹ́rìn-ín láìmọ̀ pé mò ń rẹ́rìn-ín. Sẹ́kọ́ńdì mẹ́rin àti ẹ̀sún mẹ́fà. Ẹ̀sún ni mo pe ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ńdì, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Mo sáré lọ wọ Bẹ́ńsì. Ohùn tiẹ̀ nípọn jù, ó sì gbéra bí ẹni tó ta jí lójú oorun. Mẹ́rin àti ẹ̀sún mẹ́sàn-án.

Bọ̀dá Káyọ̀dé na ọwọ́ sókè. "Rótìmí, ṣé o ti mọ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀? Àyà ló ń kọ́kọ́ kanlẹ̀ o."

Bọ̀dá Rótìmí lọ bá Bẹ́ńsì. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo táyà bíi pé táyà ló ṣẹ̀ wọ́n. Èmi náà ń wo Bẹ́ńsì, mo sì rí ìdí ẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ bíi ti adìyẹ tó fẹ́ yé. Mo mọ̀ pé tí mo bá panu mọ́, Bọ̀dá Káyọ̀dé á délé pẹ̀lú ayọ̀, Àbújá á sì di tèmi. Mo fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Mo lọ, mo bọ̀.

"Bọ̀dá," ni mo wí, "iṣu ò sí nínú tiyín."

"Kí lo wí?"

"Iṣu Màmá. Iṣu àti epo yẹn ju odindi ènìyàn kan lọ. Bẹ́ńsì ru ẹnìkan jù yín lọ."

Bọ̀dá Káyọ̀dé wò mí títí. "Ta ló bi ọ́?"

Kò sẹ́ni tó bi mí lóòótọ́. Àmọ́ Bọ̀dá Rótìmí ti ń sáré lọ síbi bùùtù. Wọ́n ṣí i, wọ́n gbé iṣu kan, wọ́n sì dúró pẹ̀lú ẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun. "Mi ò lè gbé e sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Ẹ gbọ́ ohun tí Màmá sọ."

Bọ̀dá Káyọ̀dé ní, "Ọ̀ràn ti tán nìyẹn. Mo jẹ."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká kó o sínú BMW. Láti ọwọ́ dé ọwọ́, kò ní kanlẹ̀. BMW ti sá tiẹ̀ lófìfo, kí Bẹ́ńsì náà sá tiẹ̀ lófìfo."

Mẹ́gádì náà bá wa tò. Ọgbọ̀n iṣu kọjá lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ẹ̀gì epo sì tẹ̀ lé e, Bọ̀dá Káyọ̀dé ni wọ́n ń gbà á kẹ́yìn, wọ́n fajú ro. Lẹ́yìn náà mo wọ Bẹ́ńsì, a tún sá a. Mo wo fóònù lẹ́ẹ̀mejì kí n tó sọ̀rọ̀. Mẹ́rin àti ẹ̀sún márùn-ún.

Ẹ̀sún kan péré. Kí o tó ṣẹ́jú, ó ti kọjá. Bọ̀dá Rótìmí gbá mẹ́gádì mọ́ra, kẹ́tùlù bọ́ lọ́wọ́ bàbá. Bẹ́ńsì ló borí, iyàn ọdún kan ti tán. Bẹ́ńsì tẹ̀ lé wa lọ sí Kàbà, ó ń fun fèrè, iṣu ẹ̀ ṣì wà ní bùùtù wa.

Láti Ìsánlú dé Ayétòrò, kòtò ni Bọ̀dá Káyọ̀dé ń bá jà. Mo tú irun mi, mo tún un dì. Mo ṣí fèrèsé, mo tì í. Mo ń rí ara mi níwájú bọ́ọ̀dù pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Síbẹ̀, ẹ má bínú, ayọ̀ sísá yẹn ò tíì kúrò nínú egungun mi.

Aago kan ọ̀sán la délé. Màámi jáde, wọ́n ní, "Káyọ̀dé, ṣé ẹ dé? Báwo ni ti ọmọ mi?"

Bọ̀dá Káyọ̀dé pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá a di ẹrù."

Màámi ní, "Ṣé ó ṣe dáadáa ni?"

"Ó dójú tì mí. Gbogbo ọmọ ṣọ́ọ̀bù mi ló ń sọ pé, 'Ó ti dáa, ọ̀gá,' oníbàárà á gbé mọ́tò lọ, á tún padà wá lọ́la. Èyí ló máa sọ fún mi pé kò tíì dáa. Ọjọ́ Ajé, aago márùn-ún àárọ̀." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Kí o má pẹ́ o."

Bí ẹni pé mo máa sùn.

Ìgbà yẹn ni Bẹ́ńsì yà wọ àgbàlá wa, Bọ̀dá Rótìmí sì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ gba iṣu àwọn. A tò láti bùùtù dé bùùtù, màámi náà gbà, bàbá mi náà gbà, kò sì sí ìkankan tó kanlẹ̀. Ohun tí mo gbé bọ̀ láti Ìsánlú ni pé kí o tó sọ pé mọ́tò ẹnìkan ò yára, kọ́kọ́ ṣí bùùtù ẹ̀ wò. Nígbà tí iṣu tó kẹ́yìn kọjá, Bọ̀dá Káyọ̀dé gbọn ọwọ́, wọ́n wo ilẹ̀ níwájú Bẹ́ńsì, wọ́n ní, "Rótìmí, jẹ́ kí n fi ọ̀kan dánra wò kí a tó dé iwájú ẹgbẹ́." Wọ́n sì na àyà sílẹ̀ gbalaja.